Apá Ọ̀tún Ọkọ̀ Tó Gbé Ìyá Mi Lọ sí Mẹ́kà

Ẹ fa ẹní sún mọ́hìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tí tíì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó gbé e kalẹ̀, kó má baà dà á sára nígbà tí mo bá dé ibi tó dùn. Ẹni tó bá ń kánjú, ọ̀nà ò dí. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í sáré, èmi tí mò ń sọ ọ́ náà ò sáré mọ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú kan ni, tí kò gùn ju apá mi lọ, tí kò sì fò rí láyé rẹ̀. Síbẹ̀ ó gbé ìyá arúgbó kan láti Koira Kano wá sí Kalley, nígbà tí mọ́tò ò lè gbé e wá.

Aṣọ ni mo tà dàgbà ní Kalley, àdúgbò wa ní Niamey. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti kó ẹrù rẹ̀ wá sí Niamey, ó ní òun fẹ́ ta á kóun padà, kò padà. Ẹni tó bá mọ̀ mí lọ́jà, oníléèsì ló mọ̀ mí sí. Ẹni tó bá wọ pálọ̀ mi ló máa mọ ohun kejì tí mo jẹ́, nítorí ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké ló kún ibẹ̀, látorí kọ́bọ́ọ̀dù dé ẹ̀gbẹ́ ògiri. Èmi ni mo fọwọ́ mi ṣe gbogbo wọn. Oníbàárà mi kan, olùkọ́ ará Faransé, ló fà mí sínú rẹ̀. Nígbà tó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó gbé páálí kan fún mi, ègé ọkọ̀ ló wà nínú rẹ̀, kéèyàn máa lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Mo lẹ̀ ẹ́. Mo wá wo àwòrán tó wà lára páálí, mo wo irú ọkọ̀ yẹn tí mo ti rí pẹ̀lú ojú mi ní pápákọ̀ òfuurufú wa, ìlà ara wọn ò jọra. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá bí nǹkan ṣe rí gan-an.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé igi gbígbẹ́ ni iṣẹ́ náà. Igi gbígbẹ́ ò tó ìdajì. Igi bọmubọmu fẹ́lẹ́, ó rọrùn fún ọ̀bẹ. Agolo sàdíìnì ni mo fi ń gé abẹ̀bẹ̀ iwájú ẹ̀rọ. Èyí tó le níbẹ̀ ni kí o mọ ọ̀dà tí wọ́n fi kun ọkọ̀ yẹn, ibi tí ìlà ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà tó wà nírù rẹ̀, àti bóyá abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ní ahọ́n mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọkọ̀ òfuurufú dà bí èèyàn, ó máa ń pààrọ̀ aṣọ. Bí wọ́n bá tà á, ẹni tó rà á á kùn ún lọ́tun. Bí ohun kan bá bàjẹ́ lára rẹ̀, wọ́n lè yá ti ẹlòmíràn fún un. Nítorí náà, bí o bá wá bá mi pé irú ọkọ̀ báyìí lo fẹ́ kí n ṣe, màá bi ọ́ pé èwo nínú wọn, lọ́jọ́ wo?

Ojú tí mo fi ń ta aṣọ ni mo fi ń ṣe é. Oníbàárà á mú ìrépé tí kò tó àtàǹpàkò wá, á ní irú rẹ̀ gan-an lòun ń fẹ́. N kì í ṣì í. Mo ní okùn kan tí mo fi gún ìrépé gbogbo aṣọ tí mo tà rí, ó nípọn ju apá ọmọdé lọ, inú oòrùn ọ̀sán ni mo sì ti máa ń fi wọ́n wé ara wọn, nítorí iná mànàmáná máa ń purọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ní Kalley bóyá mo ń fọ́nnu.

Nínú gbogbo ọkọ̀ tí mo ṣe, ọ̀kan ni mo ṣe fún ìyá mi. Òun ni ọkọ̀ tó gbé e lọ sí Mẹ́kà nígbà tí mo ṣì wà nílé ìwé. Ẹlẹ́rọ mẹ́rin ni, méjì lápá òsì, méjì lápá ọ̀tún, abẹ̀bẹ̀ irin níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi ló kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú ní ìran wa, kò sì jẹ́ ká gbàgbé. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó máa ń jókòó sórí ẹní rẹ̀, á sọ ọ́ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sì máa bá a gbè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí ọ̀rẹ́ yìí jẹ́. Ìyá Koira Kano là ń pè é, nítorí apá àríwá ìlú lọ́hùn-ún ló ń gbé. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ìgbà kan náà ni wọ́n gbé òun àti ìyá mi níyàwó wá sí Niamey, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wọ̀ lọ sí Mẹ́kà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń bú ara wọn. Ìyá mi á ní ara Ọ̀yọ́ máa ń kí èèyàn títí ọbẹ̀ á fi jóná. Ìyá Koira Kano á ní ó sàn ju ara Ògbómọ̀ṣọ́ lọ, tí wọ́n ń fi máńgòrò tan ebi jẹ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bu tíì fún ara wọn. Ẹnu wọn pọ̀ débi pé lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀, aṣáájú àwọn arìnrìn-àjò pín wọn níyà. Ó ní bí àwọn méjèèjì bá jókòó pọ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ àdúà. Ó fi ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níhìn-ín, ó fi èkejì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ́hùn-ún.

Ìyá mi sọ pé ẹ̀rù ba òun débi pé òun ò kúrò lórí àga òun, àfi ìgbà tí wọ́n bá ní kí gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀ ló ń wò, bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò wàrà lórí iná. Ó gbà pé bóun bá gbójú kúrò, abẹ̀bẹ̀ á dúró. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wò ó dé ilẹ̀ Lárúbáwá, ó sì gbà títí ayé pé òun lòun gbé ọkọ̀ náà débẹ̀.

Fótò ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní àkókò yẹn, kò sí ilé alhaji kan ní Kalley tí kò ní fótò ọjọ́ ìrìn-àjò lára ògiri: àwọn èèyàn nínú aṣọ funfun, lórí àtẹ̀gùn, lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. Mo ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn pẹ̀lú ṣúgà lọ́wọ́. Nínú fótò kan ni mo ti rí ibi tí ìlà ara ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú òmíràn, ìrù yọ lẹ́yìn orí ọkùnrin gíga kan, mo ka lẹ́tà méjì. Mo rí ìyókù nílé àna ọkùnrin náà. Wọ́n sọ mí ní bàbá onífótò, wọ́n ní aṣọ ò tà mọ́ ni mo fi ń wọlé onílé. Dúdú àti funfun ni gbogbo fótò náà, ìyá mi ló sì fún mi ní àwọ̀. Mo tẹ́ okùn ìrépé mi síwájú rẹ̀ nínú oòrùn, ó ń tú u bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, títí ó fi dé orí pupa kan, pupa ata ṣọ̀mbọ̀. Ó ní ìlà ara ọkọ̀ nìyí, imú ẹ̀rọ náà nìyí.

Mo kùn ún bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe kun apá òsì ni mo kun apá ọ̀tún, ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú imú pupa. Nígbà tí mo parí rẹ̀, ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìfowópamọ́, wá wò ó, ó sì ní kí n má tà á fún ẹnikẹ́ni láé. Ọ̀rọ̀ yẹn tó mi.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo gbé e jáde. Ìyá mi na ìka sí fèrèsé kan lẹ́bàá ìyẹ́, ó ní, “Ibi tí mo jókòó sí nìyí.” Ojú rẹ̀ ń dán. Ìyá Koira Kano dìde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ yí tábìlì po, ó tẹ̀ sí apá ọ̀tún, ó pẹ́ níbẹ̀.

“Ọwọ́ rẹ dára, ọmọ mi,” ló wí fún mi. “Àmọ́ kì í ṣe ọkọ̀ wa nìyí.”

Mo bi í pé kí ló kù níbẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé òun, imú rẹ̀ ò pupa. Àwọ̀ ewé ni, bí ewé ilá tútù.

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ tó sùn láti ibí dé Jẹ́dà. Ojú oorun lo ti rí oko ilá.”

“Èmi kọ́ ni mo sùn. Ìwọ lo dijú, tí ò ń yínmú bí ewúrẹ́ tó wọkọ̀ ojú omi.”

“Mo lajú. Mo mọ ohun tí mo rí.”

“Èmi náà mọ ohun tí mo rí.”

Ẹ̀rín kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín kúrò níbẹ̀, mi ò mọ ìgbà tó kúrò. Ìyá mi ní kí ó bọ́ dígí rẹ̀, kó nù ún, kó tún un wò. Ìyá Koira Kano ní òun ti rí i láìní dígí nígbà tóun ṣì lójú. Ó wá sọ èyí tí kò yẹ kó sọ:

“Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tìẹ nìyí, a jẹ́ pé ọkọ̀ wa ò papọ̀. Bóyá Kùtọnu ló gbé ọ lọ, tí o lọ ra omi Samusamu lọ́jà ibẹ̀.”

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbọ́ mi yìí, ẹ mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ní odi. O lè bú ìlú èèyàn, o lè bú imú rẹ̀, o lè bú ọbẹ̀ rẹ̀. O ò lè sọ fún ẹni tó lọ sí Mẹ́kà pé kò lọ. Ìyá mi tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó rọra, kò tilẹ̀ wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Ọmọ mi,” ló wí, “bá ìyá yìí mú bàtà rẹ̀.”

Mo mú un. Kò wù mí, àmọ́ ìyá mi ló rán mi.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá Koira Kano ò wá. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, kò wá. A ní ká fi mọ́tò lọ gbé e, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ìyá mi ò bi wá nípa rẹ̀, àmọ́ kò sọ ìtàn ọkọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ á jókòó tì í, wọ́n á dúró, á ní kí wọ́n lọ kàwé wọn. Mo gbé ọkọ̀ náà padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò wò ó.

Mo rò pé ìbínú ni, pé yóò rọlẹ̀. Ní òwúrọ̀ kan mo ń bu omi àlùwàlá fún un, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ọjọ́ orí tí nǹkan máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú.

“Ìwọ ti gbọ́njú nígbà náà,” ló wí. “Sọ fún mi. Ṣé mo lọ, àbí mi ò lọ?”

Mo ní, “Ìyá, ẹ lọ. Èmi ni mo gbé kẹ́tùlù yín títí dé ọ̀dọ̀ àwọn sójà ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú.”

Ó ní, “Ìwọ ò rékọjá àwọn sójà. Òun nìkan ló kù tó bá mi débẹ̀. Òun náà ló ní mi ò lọ.”

Mo da omi náà tán sọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀dà là ń wá mọ́. Bí n kò bá rí òtítọ́ ọkọ̀ yẹn, ìyá mi máa kú pẹ̀lú iyèméjì bóyá òun dé ilé Ọlọ́run.

Mo kó gbogbo fótò mi sọ̀ kalẹ̀, mo tẹ́ wọn sórí ẹní, mo ń fi dígí ìwò-nǹkan-kékeré wá àmì kan lára ẹ̀rọ, àwọ̀ kan tó ṣókùnkùn ju èkejì lọ. Ẹ̀rọ méjì tí mo rí, wọ́n jọra bí ìbejì. Ọmọ mi obìnrin ti ibi iṣẹ́ dé, ó dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú báàgì léjìká. Níbí ni wọ́n bí i, Faransé sì máa ń já lu Yorùbá rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, escalier wà nínú gbogbo ẹ̀.”

Àtẹ̀gùn ló ń wí. Mo tún wò ó. Òótọ́ ni. Kò sí fótò kan tí àtẹ̀gùn ò sí, nítorí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ni onífótò máa ń to àwọn arìnrìn-àjò sí, ara ọkọ̀ lápá òsì sì ni ẹnu ọ̀nà èrò máa ń wà. Gbogbo Kalley ló ní fótò ọkọ̀ yẹn, gbogbo Kalley, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló ní. Ohun tí mo rí lápá òsì ni mo fi kun apá ọ̀tún, bí ẹni tó gé ọwọ́ ẹ̀wù kan tó fi í wọn èkejì. Lára ẹ̀wù, ó tọ́. Lára ọkọ̀, ó di ọ̀ràn.

Mo bi ọmọ mi pé ta ló máa ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí èrò kì í dé. Ó rò ó díẹ̀. “Ẹni tó ń rọ epo,” ló wí.

Ẹ wò ó, orí mi wú. Ọmọ yìí kan náà ló máa ń ní òun ò ráyè ọkọ̀ onígi mi tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú ní fada kan, ìyẹn ibi tí àwọn ọkùnrin ti ń jókòó mu tíì, lábẹ́ dongoyárò kan ní ọ̀nà ibẹ̀. Mo lọ bá wọn pẹ̀lú ṣúgà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo ló kù nínú àwọn tó rọ epo nígbà náà, Kirkissoye ló ń gbé, ní òdìkejì odò. Ọmọ mi fi mọ́tò gbé mi kọjá afárá.

Ọmọ Zarma, ìran onílẹ̀ ibẹ̀, ni bàbá náà, ó dàgbà jù mí lọ, ohùn rẹ̀ ṣì ń dún. A fi Zarma kí ara wa títí, ilé, ara, àárẹ̀, àwọn ọmọ, kó tó gbà kí n sọ ohun tí mo bá wá. Mo sọ ọ́. Ó na ọwọ́ sí ògiri. Fótò kan wà níbẹ̀. Òun ni, nígbà ọ̀dọ́, nínú aṣọ iṣẹ́ tuntun, pẹ̀lú rọ́bà epo tó gbé kọ́ èjìká, ó dúró bí oníjàkadì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba idà tí wọ́n ń fún aborí lọ́dọọdún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni apá ọ̀tún ọkọ̀ wà, ẹ̀rọ méjèèjì hàn kedere. Imú èyí tó wà lẹ́bàá ara ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ, ìlà tín-ín-rín kan sì yí i ká tí kò sí lára èkejì. Mo ka lẹ́tà ìrù. Òun ni.

Mo bi í pé kí ló ṣe imú ẹ̀rọ náà.

Bàbá náà ṣàlàyé. Ó ní igún kan ló fò lu ẹ̀rọ yẹn nígbà tí ọkọ̀ ń balẹ̀, ó lu ìbòrí imú rẹ̀ wọnú. Àsìkò Mẹ́kà ti dé, ìbòrí tuntun ò lè tètè dé. Ọkọ̀ mìíràn wà ní ìdúró tó ti bàjẹ́, ti ilé iṣẹ́ mìíràn, wọ́n yá ìbòrí tirẹ̀, wọ́n fi bò ó, wọn ò ráyè kùn ún. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ náà ṣe fi ẹ̀wù ẹlẹ́wù gbé wọn lọ, tó sì gbé wọn bọ̀. Nígbà tí tuntun dé, wọ́n bọ́ ti àyálò náà. Ẹni tó ni ín ò bèèrè rẹ̀ mọ́.

Mo bi í pé ṣé ó rántí àwọ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Kí ni mo fẹ́ rántí? Ó wà níta yẹn, àwọn ẹtù mi ló ń gbé abẹ́ rẹ̀.”

A jáde. Ilé ẹtù kan wà lẹ́bàá ògiri, páànù tó bò ó tẹ̀ kọrọdọ bí ìdajì igbá, ìlà ìṣó kéékèèké yí i ká. Ìgbẹ́ ẹyẹ ti bò ó, oòrùn ti jẹ ẹ́, ẹni tó bá wò ó lásán á pè é ní eérú. Mo bèèrè omi àti àkísà. Mo fọ ibì kan, mo fi sánpépà rọra họ ọ́. Mo wá yí etí rẹ̀ sókè, níbi tí irin ti ká bo irin, tí oòrùn kò dé rí.

Àwọ̀ ewé. Ewé ilá tútù, tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀.

Mo fa okùn ìrépé mi yọ lápò, nínú oòrùn ọ̀sán, àwọn ẹtù ń pariwo mọ́ mi. Mo fi léèsì kan wé e, ó pọ́n jù. Mo fi òmíràn wé e, ó ṣá bí omi odò. Ẹ̀kẹta wọlé sínú rẹ̀, mi ò rí etí aṣọ mọ́. Ọmọ mi ya fótò rẹ̀ pẹ̀lú fóònù, mo ní kó pa á mọ́, kó má fi bá mi jiyàn, nítorí fóònù náà máa ń purọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n ra páànù náà. Ó kọ̀. Ó ní ohun tó ti gba ẹyẹ òun là lọ́wọ́ òjò, òun ò lè tà á. “Àmọ́ àyálò ni láti ìbẹ̀rẹ̀,” ló wí. “Ẹ yá a lò, kẹ́ ẹ dá a padà.” Mo fi páànù tuntun bo àwọn ẹtù kí n tó lọ.

Kíkùn ẹ̀rọ kékeré yẹn lọ́tun, wàrà wàrà ni ì bá jẹ́. Mi ò kánjú. Mo họ pupa kúrò títí igi fi hàn, mo po ọ̀dà, mo dà á nù, mo tún un pò, títí tó fi bá ìrépé mi mu. Irun kan ṣoṣo láti inú búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi fa ìlà tín-ín-rín náà yí i ká. Nígbà tó gbẹ, mo gbé e sínú oòrùn. Mo ti ṣe ọkọ̀ púpọ̀ láyé mi. Ọjọ́ yẹn ni mo tó pe ara mi ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Mi ò gbé e lọ fún ìyá mi. Koira Kano ni mo gbé e lọ. Ìyá Koira Kano wà lórí àga nínú àgbàlá, mo dọ̀bálẹ̀ kí i, ó jẹ́ mi, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbé ọkọ̀ sórí àpótí níwájú rẹ̀, apá ọ̀tún ló kọjú sí i.

Ó wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè lọ sẹ́nu.

“Òun nìyí,” ló wí. “Òun gan-an nìyí.” Lẹ́yìn náà, ó bi mí pẹ̀lú ohùn tó le díẹ̀, “Ṣé ìyá rẹ ti gbà báyìí?”

Mo rọra yí ọkọ̀ náà, apá òsì bọ́ síwájú rẹ̀: pupa, pupa. Mo sọ fún un pé ibí ni ìyá mi jókòó, èyí ló ń wò dé Jẹ́dà. Mo gbé páànù Kirkissoye lé e lẹ́sẹ̀, mo sọ ìtàn igún. Ó fọwọ́ pa etí àwọ̀ ewé náà, síwá sẹ́yìn.

“Wọ́n pín wa,” ló wí. “Wọ́n ní a ń sọ̀rọ̀ jù. Ká ní wọ́n jẹ́ ká jókòó pọ̀, ṣebí ọ̀kan á ní kí èkejì wá wo tòun.”

Ó wá nawọ́ wá ọ̀pá rẹ̀.

“Ọmọ mi, bá mi mú bàtà mi.”

Ìyá mi wà lórí ẹní rẹ̀ nígbà tí a dé Kalley, ó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá Koira Kano gbá mi lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bọ̀ láti Mẹ́kà, kò pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní oyè yẹn rí. Onímáńgòrò ló máa ń pè é.

“Alhaja,” ló wí.

Ìyá mi ò yíjú. “Ta nìyẹn?”

“Èrò apá ọ̀tún ni.”

Mo gbé ọkọ̀ náà síwájú ìyá mi, mo yí i fún un, pupa, ewé, pupa. Kò ní kí n ṣàlàyé. Ó fi ìka kan kan imú ẹ̀rọ àwọ̀ ewé náà, bí ẹni ń kan ọmọ tuntun.

“Ó balẹ̀ ire?” ló bi ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Ó balẹ̀ ire. Ìwọ lo gbé e, èmi náà gbé e.”

“Wọlé, kí o bọ́ bàtà rẹ. O dí atẹ́gùn mọ́ mi.”

Ọjọ́ yẹn, tíì tútù kí wọ́n tó rántí mu ún. Láti Jímọ̀ yẹn lọ, apá méjì ni ìtàn náà ní. Ìyá mi á sọ ti òsì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sọ ti ọ̀tún, ọkọ̀ á wà láàárín wọn. Ìyá mi ò bi mí mọ́ bóyá òun lọ. Bí àlejò bá dé, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé, “Wá wo ohun tí ọmọ mi ṣe. Ó bá wa rí ojú kejì.” Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kó lè tún un sọ.

Ìyá mi re ibi àgbà ń rè ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ kan, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, láìjẹ̀rora. Aṣọ funfun tó gbé bọ̀ láti Mẹ́kà bá a lọ. Tẹ̀sùbáà rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ mi obìnrin, pẹ̀lú apá òsì ìtàn náà, ó sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú Faransé láàárín rẹ̀. Páànù padà sí Kirkissoye. Bàbá náà yí àwọ̀ ewé rẹ̀ sínú, kí oòrùn má jẹ ẹ́ mọ́, nítorí náà àwọn ẹtù ló jogún rẹ̀. Ìyá Koira Kano jogún ẹní tí ìyá mi ń jókòó lé. Ọkọ̀ náà ò padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tó ti kẹ̀yìn sí ògiri. Àárín pálọ̀ ló wà, kí ẹni tó bá fẹ́ wò ó lè yí i po.

Èmi ńkọ́? Ẹnu ìyá Koira Kano ni mo jogún. Ẹni tó máa ń bú ti lọ, èmi ló wá kù fún un láti bú. Ní Jímọ̀ tó kọjá, ó tẹ̀ sí apá ọ̀tún, ó wò ó títí, ó mi orí.

“Onímáńgòrò,” ló pè mí. “Kọ́tìnnì fèrèsé mi ní òdòdó lára. Èyí tí o fi síbẹ̀ ò ní.”

Mo ti ra ṣúgà. Mo ti ń béèrè ilé tí fótò kọ́tìnnì náà lè wà.